Káàdì Raili Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà ní Oulu, ìlú olótùútù kan, tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì ìlú gbé iṣẹ́ fún wọn: ètò tí yóò máa darí àwọn ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì.

Ní oṣù kẹsàn-án, Kimmo dé láti kọ́ wọn ní ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tuntun. Láràárọ̀, gbogbo wọn á dìde dúró, kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó máa ṣe lónìí àti ohun tó dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì lára ògiri. Tó bá parí, káàdì á bọ́ sápá ọ̀tún. Ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, oníbàárà á wá wo ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó bá sọ ni wọ́n á ṣe. Kimmo ń ròyìn ọ̀nà yìí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìgbàlà. Ó kọ̀wé pe ọ́fíìsì ìlú, wọn ò fèsì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà.

Ọ̀sẹ̀ tí Kimmo dé náà ni ẹ̀rọ kọfí wọn bàjẹ́. Nílùú tí èèyàn ń mu ife mẹ́fà lóòjọ́, ọ̀fọ̀ ńlá ni. Tuulikki, ọ̀gá wọn, ní òun ti pe àwọn tó máa tún un ṣe. Inú fúláàsì Raili ni gbogbo wọn ti ń tọrọ kọfí. Raili ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, aago méjì, ọkùnrin kan wọlé tòun ti àpò dúdú. Bó ṣe la ẹnu, Kimmo ní, "Ẹ jókòó ná, sà. Ẹ̀yin la ń dúró dè."

Wọ́n fún un ní búrẹ́dì dídùn, wọ́n fi iṣẹ́ hàn án. Ojú rẹ̀ ń lọ sápá kíṣìnì.

"Báwo lẹ ṣe rí i, sà?"

Ó nàka sójú kọ̀ǹpútà. "Bọ́tìnnì yẹn kéré."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káàdì mẹ́rìnlá jáde látinú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

Wọ́n ní kó máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bó ṣe ń wá nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ràn àwọ̀ ewé, gbogbo ètò náà di àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan mìíràn. Kimmo ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ yọ oníbàárà lẹ́nu.

Káàdì Raili nìkan ni kò kúrò lápá òsì. Lẹ́tà wínníwínní ló fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kà á. Bóyá ó rìn ni wọ́n ń wò.

"Raili mà, kí ló dí yín lọ́wọ́?"

"Ìwọ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi oníbàárà, o ò jẹ́."

"Ẹ wo káàdì àwọn yòókù, bó ṣe ń sáré."

"A kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, Kimmo. Kí lẹ ń lé?"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kejìlá, Tuulikki ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ, ẹni tí káàdì rẹ̀ kò rìn ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fún Raili ní lẹ́tà. Ó dun obìnrin náà wọra. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń buwọ́ lù ú. Ó yọ káàdì rẹ̀ lára ògiri, ó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Ẹ ṣáà bá mi kà á."

Tuulikki tì í bọ àpò.

Lọ́jọ́ Ajé, kò sí fúláàsì mọ́. Tuulikki fìbínú pe ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kọfí.

"Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ ò rán ẹnikẹ́ni wá."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mà, kí n wo ìwé."

Bó ṣe ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ kan káàdì nínú àpò, ó sì kà á: *Ta ló rán ọkùnrin Ọjọ́bọ̀ wá?*

"Mà," ohùn inú fóònù padà dé, "òṣìṣẹ́ wa ti wá lẹ́ẹ̀mẹfà, Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó ní búrẹ́dì yín dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìnyín lẹ fi ń dá òun dúró, ẹ ò jẹ́ kí òun dé ìdí ẹ̀rọ kọfí rí."