Koríko Orí Sàréè

Ojoojúmọ́ ni Dúpẹ́olúwa ń tu koríko orí sàréè ọkọ rẹ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí òmíràn á tún yọjú. Koríko wẹ́wẹ́ ni, kò ga ju ìka lọ, ó ní òdòdó funfun tín-ín-tín. Kò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò sí i lẹ́yìn ilé. Orí sàréè nìkan ló yàn láàyò. Ó ti sú u pátápátá.

Ilẹ̀ lásán ni sàréè náà, níwájú ilé wọn ní ìlú Aládé. Kí Ọlọ́runníyì tó kú ló ti bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n má da simẹ́ńtì lé òun láyà. Ṣùgbọ́n Adémọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ ìtìjú.

“Ìyàwó, bí mo bá bá koríko níbí lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan, simẹ́ńtì ni o. Àwọn ará ìjọ á ní a ti gbàgbé òkú wa.”

“Bọ̀ọ̀dá, mò ń tu ú.”

“Ò ń tu ú, ó ń hù. Ṣé èmi ni mò ń gbìn ín ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láràárọ̀, bí òtútù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta tó yí ìlú ká, á gbé jákẹ́ẹ̀tì oko ọkọ rẹ̀ wọ̀, èyí tí àpò rẹ̀ ti ya, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ sàréè, á máa tu. Òun ni Ọlọ́runníyì wọ̀ gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ tó ti oko Atosin dé pẹ̀lú ibà. Ó ti ṣèlérí fún un pé òun á mú ewé kan wá láti etí odò, tó ń ta bí ata, tó dára fún iṣu sísun, kó gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná. Ibà ò jẹ́ kó tún sọ̀rọ̀ ewé mọ́.

Lọ́jọ́ ìrántí, koríko ti yọ orí. Adémọ́lá ò pariwo. Ó kàn pe bíríkìlà. Inú bí Dúpẹ́olúwa sí i, ó bí i sí koríko, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, simẹ́ńtì ti gan lórí sàréè.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lọ fún Habeebullah télọ̀.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbọn àpò yìí ná kí n tó rán an,” ni Habeebullah wí, ó yí àpò náà síta, èso wẹ́wẹ́ pupa rúsúrúsú tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ sì dà sórí tábìlì, Dúpẹ́olúwa mú ẹyọ kan, ó rún un lẹ́nu, ó sì ta á bí ata.