Oòrùn Àfonífojì

Bàbá Inúolúwa tún ti dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí ní Langley Park nílùú òyìnbó. Ara rẹ̀ ò balẹ̀.

Ó gbé ìgò wáìnì kan náà tó máa ń gbé, wáìnì àfonífojì kékeré kan ní Kalifóníà.

"Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí!" Túndùn tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé oòrùn máa ń ràn ní àfonífojì yìí?" Bàbá bi í.

"Dáadáa, sà. Ọ̀sán ibẹ̀ móoru, òun ló ń mú èso àjàrà wọn dùn."

"Òru ńkọ́?"

"Òtútù máa ń mú díẹ̀."

Bàbá ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó tún ń tú u.

"Ẹ ò kúkú lọ wò ó fúnra yín, sà?"

"Àwọn àgbà ilé ò jẹ́ kí n lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Inúolúwa sí. Bàbá kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀."