Fìtílà Ìyá Asimina

Ọwọ́ kan ni Bàbá Lefteris fi ń wa mọ́tò wọn tó ní ibùsùn nínú lórí títì àtijọ́ tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́ lórí òkè Mani nílẹ̀ Gíríìsì. Ọwọ́ kejì ń kó èso ólífì jẹ.

Danae, ìyàwó ọmọ rẹ̀, di àga mú gírígírí.

"Fọkàn balẹ̀! Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń gba ibí. Ṣé mo kú ni?"

Ní ìdí gbogbo ilé àdúrà ẹ̀bá títì, tí kò tóbi ju àpótí lọ, tí wọ́n máa ń kọ́ síbi tí jàǹbá mọ́tò bá ti ṣẹlẹ̀, Ìyá Asimina á dá ọkọ rẹ̀ dúró, á lọ tan fìtílà.

"Màmá, àwọn wo ló kú síbí?"

"Ẹnì kankan ò kú. Ẹni tí orí bá kó yọ náà máa ń kọ́ ọ fi dúpẹ́. Bàbá ọkọ ẹ ló ni gbogbo wọn."

"Kí ló wá wà nínú páálí tí mo gbẹ́sẹ̀ lé yìí?"

"Tòní nìyẹn, ìyàwó mi. Mo ti kọ orúkọ ìwọ náà sí i."