Ìtumọ̀ Ipá

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà tí Màmá Lydia fi dé ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè é. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ní Galadimawa, l'Ábùjá, ti di ti Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá, ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì yẹn kan náà, àtàǹpàkò ìyá náà sì wà lábẹ́ ìwé pé òun ló yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí ìjọba pé wọ́n fipá mú un tẹ̀ ẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ dìde.

Hajia Ummulkhulthum ni alága. Ọmọ Kánò ni, kò gbọ́ Yorùbá. Màmá Lydia ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi rojọ́. Ògbufọ̀ tí wọ́n ṣètò kò wá. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ọmọ Yorùbá kan wà lábẹ́ òun tó lè ṣe é. Wọ́n pe Múyìwá wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, ó sì dúró sí ìdí tábìlì.

Hajia wojú Múyìwá, ó wojú Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ lọ́la pé ìyá kò fẹ́ ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Múyìwá bi í.

"Ma, wọ́n ní ṣé ẹ gbà kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín?"

Màmá Lydia wò ó.

"Mo gbà," ni ó wí.

Múyìwá gbé Bíbélì lọ́wọ́, ó búra pé ohun tí òun bá gbọ́ ni òun yóò sọ.

Hajia ṣí fọ́ọ̀mù kan. Ibi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ó lè fàmì sí: ó fi tinútinú ṣe é, wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n fipá mú un.

"Sànnu, Mama. Báwo ni ẹ ṣe tẹ ìwé yìí?"

"Wọ́n fipá mú mi ni," ni Màmá Lydia wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gbẹ́ni yìí wá bá mi nílé. Nígbà kẹta, ó ní bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, kí n má bi òun léèrè ohun tí ojú ọmọ mi bá rí."

Múyìwá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá rọ ìyá, pé nígbà kẹta ó ro ti ọmọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Hajia dá bírò dúró.

"Mo gbọ́ ipá lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni dírẹ́bà mi. Nígbà tí àwọn kan já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ipá ló ń pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ṣùgbọ́n onírúurú ọ̀nà la ń gbà lò ó. Tí èèyàn bá lọ kí ẹbí, tó ní òun ti yó, tí wọ́n tún ń bu oúnjẹ sí i, tó bá délé, á ní wọ́n fipá mú òun jẹun ni. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́."

Hajia rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá náà rẹ́rìn-ín níbi fèrèsé.

"Òótọ́ ló sọ, ma," ni ó wí.

Màmá Lydia kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Múyìwá, tó di etí tábìlì mú, ni ó ń wò.

"Bi í dáadáa," ni Hajia wí. "Ṣé wọ́n lù ú? Ṣé wọ́n tì í mọ́lé?"

Múyìwá bi í.

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni kò lù mí."

"Ọmọ tó sọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ sí i?"

Múyìwá mu omi kí ó tó túmọ̀ èyí.

"Ó mọ̀," ni Màmá Lydia dáhùn.

"Kí ló wá sọ?"

"Kò tíì rí nǹkan kan sọ."

"Ó ní ọmọ náà kò ta kò ó, ma," ni Múyìwá wí.

Hajia ti fọ́ọ̀mù náà síwájú. Ó ní kí Múyìwá sọ fún ìyá pé ìbéèrè ìkẹyìn nìyí, pé bí ó bá jẹ́ ipá ni, òun yóò fa ìwé náà ya lójú gbogbo wọn, ilẹ̀ á sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Múyìwá túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá ń gbọ́ Yorùbá náà bí ó ṣe ń lọ, ó sì tẹjú mọ́ Múyìwá.

Màmá Lydia wo Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá. Ó wo Múyìwá. Ó tún ìborùn rẹ̀ gbé léjìká.

"Wọ́n rọ̀ mí ni," ni ó wí. "Àṣìsọ ni ti àkọ́kọ́. Àgbà ti dé."

Múyìwá túmọ̀ èyí bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Yauwa," ni Hajia wí, ó fàmì sí àárín. Wọ́n na páàdì yíǹkì sí ìyá náà, ó tún tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lá dìde, ó bọ Hajia lọ́wọ́, ó sì ní kí Múyìwá sin Mama dé géètì, kí ó mú fáìlì ilẹ̀ kan ní Jahi dání tí ó bá ń bọ̀.

Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀. Àwọn onítakisí ń pe èrò ní òdìkejì títì.

Ní ẹnu géètì, Màmá Lydia na ọwọ́ tí yíǹkì kò bà, ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì Múyìwá tò, ó ní, "Tètè padà wọlé, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ fún wọn ní ilẹ̀ bàbá rẹ."