Sitẹrio Tó Ń Tan Ara Rẹ̀

Sitẹrio tún ti tan ara rẹ̀ nílé wa ní ìlú Iloilo.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni mo so mọ́ ọn. Ó ní etí: pàtẹ́wọ́, á tan sitẹrio, tún pàtẹ́wọ́, á pa á.

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ o!

"Wáyà ló bàjẹ́, Màmá," Nenita àbúrò mi ní.

"Wáyà bàbá ẹ! Wáyà wo ló mọ àsìkò tí Isagani máa ń ti ibiṣẹ́ dé?"

Aling Bising, aládùúgbò wa, ń wá àbẹ́là. "Ìyá Isagani, ẹ gbà fún Ọlọ́run. Ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí a ò gbúròó ẹ̀ láti Kérésì! Ẹ̀mí ẹ̀ ló ń wá ilé."

Sitẹrio kú. Ó tún tàn. Ó kú. Ó tàn.

"Ẹ ò rí i? Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àdúrà!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí à ń gbà fún òkú.

Màmá, èmi Isagani ni. Mi ò kú!

Àwọn ọ̀daràn ló tì wá mọ́lé ní ibodè Bọ́mà, wọ́n ń fipá mú wa lu jìbìtì lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ ni wọ́n ń kà. Sitẹrio yẹn nìkan ni ọwọ́ mi ṣì tó látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, etí ẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ yín.

Mo tún tàn án.

"Nenita," Màmá ń sunkún, "yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ̀gbọ́n ẹ lè sinmi."