Igi Ojú Pátákó

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá wa sí.

Òfin kan péré ni Olùkọ́ Fadéyìí kọ fún kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́: kí ó ya igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa di méjì, ní ìgbà márùn-ún péré, kó sì dúró. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya igi tí kọ̀ǹpútà gbé jáde sójú pátákó kíláàsì, nítorí àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó fi ti ìsìn àṣálẹ́ dé, ẹ̀ka igi ojú pátákó ti di méjì ní ìgbà kẹfà. Inú bí i.

Ó pe bàbá tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. "Bàbá Jàíyé, ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mi ò lè ya ẹyin adìẹ?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀! Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fi ìbínú nu àwọn ẹ̀ka tuntun náà nù, ó kọ̀yìn sí pátákó, ó sì na ìka sí bàbá náà. Ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í ha lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Jàíyé ṣófo.

"Olùkọ́," ni bàbá wí wẹ́lẹ́, "ẹ rọra máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ó yíjú. Pátákó ti kún. Lára ògiri, ẹ̀ka kan ń di méjì, ó ń nà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé yín, kí ìbínú má sì dí yín lójú.