Ẹni Tó Pe Àwẹ̀ró Nínú Aṣálẹ̀

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò lójú títì, Bàbá Dámọ́lá? Ọlọ́jà kan nílùú Marakéṣì sọ fún yín, èmi náà pariwo títí, ẹ kọ etí ikún sí wa. Ṣé iyanrìn ló máa gbé wa délé?"

"Ká ní ṣọ́bìrì lẹnu ẹ ni, Mojírádé, à bá ti kúrò níbí," lọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Mo ń lọ wá ẹni tó máa fa mọ́tò yìí jáde nínú iyanrìn. Má ṣílẹ̀kùn, má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí wàá fi rí ojú mi."

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó bá ọ̀nà òkè lọ. Mojírádé ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, ó wá ku òun àti afẹ́fẹ́.

Nígbà tó ṣe, iyanrìn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ẹsẹ̀ náà yí mọ́tò ká, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ẹni náà kan gíláàsì fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Mojírádé.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn kan pè jẹ́jẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ò mọ oríkì yẹn. Ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, Ìkirè ni wọ́n sì sin ìyá náà sí. Ohùn náà ń ki oríkì ọ̀hún lọ títí dé orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Orí Mojírádé wú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbọ́ oríkì kó dákẹ́. Kó tó rántí ìkìlọ̀, ó ti tẹrí ba dé orúnkún:

"Ẹ̀ẹn, Màmá."

Ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, àtẹ́lẹwọ́ tútù kan gbá a lẹ́yìn.